Ẹni Tí Kò Dá Sí Ogun Náà Ní Iṣẹ́ Láti Ṣe

Olóòtú,

Òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ni mí. Èbúté Àpápá ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó padà sílé wá máa ro oko. Níbi tí a ti ń ta ayò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni ọ̀rẹ́ mi kan ti ní orílẹ̀-èdè tó bá sọ pé òun kò dá sí ogun, ojo lásán ni. Mo ní rárá o. Bí ó bá ṣe é bó ti yẹ, iṣẹ́ akin ni.

Bí ẹni méjì bá ń jà ládùúgbò, tí mo ní mi ò dá sí i, ṣé mo tún lè máa na àdá sí ọ̀kan gba ojú fèrèsé? Ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò lé lórí ní ìlú Hague ní 1907 nìyẹn. Ẹ̀tọ́ ẹni tí kò dá sí ogun ni pé kí wọ́n má gbé ogun wọ ilẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n má sì jà nínú omi rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé ìjọba rẹ̀ kò gbọdọ̀ kó ohun ìjà fún ẹnì kankan nínú wọn, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ọmọ ogun gba ilẹ̀ rẹ̀ kọjá. Bí ó bá fi agbára lé ẹni tó fẹ́ rú òfin yìí, a kò lè ní ó ti wọ ìjà.

Ẹ wo Uruguay. Ní oṣù Kejìlá 1939, Graf Spee, ọkọ̀ ogun Jámánì tó ti fara gbọta, sá wọ èbúté Montevideo. Uruguay fún un ní wákàtí 72 láti tún ara ṣe. Jámánì bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ sí i, wọn ò gbà. Nígbà tí àkókò pé, ọ̀gá ọkọ̀ náà mú un jáde, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ rì í. Ṣé ojo ló ń sọ fún Hitler pé ó tó gẹ́ẹ́?

Ẹ wá wo ìtòsí wa níbí. Fernando Po, tí à ń pè ní Bioko lónìí, wà lábẹ́ Sípéènì nígbà náà, Sípéènì kò sì sí nínú ogun. Láti 1940 ni ọkọ̀ Ítálì kan, Duchessa d'Aosta, ti wà ní èbúté rẹ̀. Ní oṣù Kìíní 1942, àwọn jagunjagun Gẹ̀ẹ́sì gbéra láti Èkó. Nígbà tí àwọn ọ̀gá ọkọ̀ náà ń jàsè lórí ilẹ̀ lóru, wọ́n fi ohun abúgbàù já ṣéènì ìdákọ̀ró rẹ̀, wọ́n wọ́ ọ lọ, ó sì dé Èkó. Sípéènì fárígá; Gẹ̀ẹ́sì ní ọwọ́ àwọn mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín, ó ní ọgbọ́n ogun ni. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Èkó tiwa ni wọ́n ti gbéra, wọn ò sì bi bàbá wa kankan. Bí Sípéènì bá tìtorí rẹ̀ wọ ogun, ta ni ìbọn ìbá kọ́kọ́ bá? Àwa tí a wà létí òkun ni, àti àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣe lébìrà nínú oko kòkó lọ́hùn-ún.

Mo dá Gẹ̀ẹ́sì lẹ́bi, ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Sípéènì tó ń fárígá yìí kan náà ló jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ bá Jámánì jà ní Rọ́ṣíà ní 1941. Ẹni tó ní òun wà láàrin, tó wá fẹsẹ̀ kan sọ́dọ̀ ẹnì kan, ta ni yóò bọ̀wọ̀ fún ààlà rẹ̀?

Kí àwọn aṣáájú wa fi èyí ṣàríkọ́gbọ́n. Lọ́jọ́ tí a bá ní a kò dá sí ogun oníjà, kí a ṣọ́ èbúté wa, kí a ṣọ́ pápákọ̀ òfúrufú wa, kí a sì ṣọ́ ẹnu wa. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.



Èmi ni,
Òṣìṣẹ́ Fẹ̀yìntì,
Ìjẹ̀bú-Igbó.