Ọmọ Tó Tó Àbíjàn Lọ, Ó Tó Ìbò Dì

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, n ò ní fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ọmọ ọdún 16 tó ìbò dì ní Nàìjíríà. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan á bú mi. Kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ná.

Ọdún 18 tó wà nínú òfin wa yìí, kò já bọ́ láti ọ̀run. Nígbà ìbò 1959, ẹni ọdún 21 ló ń dìbò, àwọn obìnrin Òkè Ọya ò sì láǹfààní rẹ̀ rárá. Ní 1979, ẹni ọdún 18 dìbò, obìnrin Òkè Ọya náà dìbò. Ta ló ń bẹ̀bẹ̀ lónìí pé ká padà sí 21?

Ẹ wo Ifẹ̀-Ọ̀dàn àti gbogbo agbègbè Èjìgbò. Ta ni ò mọ̀ pé Àbíjàn lọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń wá oúnjẹ? Ọmọ tí ò tíì pé 18 á palẹ̀ ẹrù mọ́, á gba Kútọnu, Lomé àti ilẹ̀ Gánà kọjá, á lọ bá ẹ̀gbọ́n ní ìsọ̀. Ó ń tajà, ó ń fowó ránṣẹ́. Baba á fowó náà kan páànù sórí ilé, kò ní sọ pé owó ọmọdé ni.

Ìjọba náà ńkọ́? Ní oṣù kọkànlá 2024, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ wọ́gi lé ìlànà pé ọmọ gbọ́dọ̀ pé 18 kó tó wọ yunifásítì. Ó ní 16 ti tó. Ọmọ tó lè kẹ́kọ̀ọ́ àgbẹ̀ ní ọgbà Yunifásítì Ọ̀ṣun tó wà ní Èjìgbò, ṣé kò lè yan ẹni tí yóò ṣe títì ìlú ni?

Wọ́n á ní owó ni wọ́n á fi tan ọmọdé. Ẹ gbà mí o! “Dìbò kó o sebẹ̀” tí gbogbo Ọ̀ṣun mọ̀, ṣé ọmọdé ló dá a sílẹ̀? Àgbà ló ń tà, àgbà ló ń rà. Bí a bá ní ká lé olójúkòkòrò kúrò lórí ìlà, àgbà mélòó ni yóò kù?

Wọ́n á tún ní wọ́n ti ń kó ọmọ kéékèèké wá dìbò tẹ́lẹ̀. Ìwà ọ̀daràn nìyẹn, kí òfin mú wọn. Ọmọ ọdún 10 kì í ṣe ọmọ ọdún 16.

Orúkọ tó lé ní mílíọ̀nù 93 ló wà nínú ìwé olùdìbò ní 2023, àwọn tó dìbò fún Ààrẹ ò tó 30 nínú 100. Àwa àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, a ò wọlé, a ò sì jẹ́ kí ọmọ wọlé.

Láti 1988 lọmọ ọdún 16 ti ń dìbò ní Brazil. Wọ́n dìbò ní Scotland ní 2014, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì kéde ní oṣù keje 2025 pé àwọn náà fẹ́ ṣe é.

Abala 77 àti 117 nínú ìwé òfin ni kí wọ́n tún ṣe. Ó gba ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì l'Ábújá, àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní 2018, nígbà tí wọ́n ní ẹni ọdún 25 lè du ilé aṣojú-ṣòfin dípò 30.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Àwa tí a ń jẹ́ Ifẹ̀ lórí ọ̀dàn, ẹ jẹ́ ká bi aṣòfin wa ní Òṣogbo àti Àbújá kí ìbò mìíràn tó dé: ṣé ẹ fara mọ́ ọn, àbí ẹ ò fara mọ́ ọn?