Ẹni Tó Mọ Ìgbì Ni Kó Ṣamọ̀nà: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìrìn-àjò Afẹ́ Orí Omi ní Àgbádárìgì

Ẹ̀yin ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀yin baálé, ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ ojú omi,

Mo bá àwọn ọmọ ilé-ìwé wọ ọkọ̀ ní èbúté Àgbádárìgì, a ń sọdá ọ̀sà lọ sí erékùṣù Gberefu. Àwa mẹ́rìnlá la wà nínú ọkọ̀. Ẹ̀wù agbéniléfòó mẹ́fà péré ni wọ́n fún wa. A gúnlẹ̀, a rìn lórí iyanrìn gbígbóná lábẹ́ igi àgbọn. Nígbà tí a dé ìdí kànga tí ìtàn sọ pé wọ́n ń fún ẹrú ní omi rẹ̀ mu kó lè gbàgbé ilé, amọ̀nà wa wo aago, ó ní, "Ẹ ya fọ́tò, ká máa lọ."

Ìyá Ẹ̀gùn kan ń ta àgbọn ní etíkun. Mo kí i, mo sì bi í ní ìbéèrè. Ó nawọ́ sí òkun, ó fi ibi tí ìgbì ti ń fa ènìyàn wọlé hàn mí, níbi tí ọmọdé kò gbọdọ̀ dé. Amọ̀nà wa kò sọ ìyẹn fún wa. Àwọn ọmọ kan sì ti bọ́ bàtà.

Nínú ìlú Àgbádárìgì, àwọn àlejò máa ń wo ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn míṣọ́nnárì CMS parí ní 1845. Wọ́n máa ń wo yàrá híhá tí wọ́n ń kó ẹrú sí ní ilé Seriki Abass, ẹni tí wọ́n tà sí Bràsíl ní kékeré, tó padà wálé, tó sì di oníṣòwò ẹrú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrìn àwọn ẹrú kò parí sínú ìlú. Wọ́n sọdá ọ̀sà, wọ́n fi ẹsẹ̀ la Gberefu kọjá, kí wọ́n tó rí ọkọ̀ òkun. Ẹni tó bá fi ìkánjú gba ọ̀nà yìí kò tíì gbọ́ ìtàn náà.

Ohun mẹ́ta la ń bèèrè.

Èkíní, kí ọkọ̀ kankan má ṣí láìjẹ́ pé gbogbo èrò ti wọ ẹ̀wù agbéniléfòó.

Èkejì, kí a kọ́ àwọn ọmọ erékùṣù níṣẹ́ amọ̀nà, kí a sì fún wọn níwèé àṣẹ. Kí wọ́n sọ ìtàn ẹrú, kí wọ́n sì fi bí wọ́n ṣe ń ju àwọ̀n àti bí wọ́n ṣe ń gun àgbọn han àlejò.

Ẹ̀kẹta, kí ìdá kan nínú owó ìwọlé máa dúró ní erékùṣù, fún èbúté, omi mímu àti ilé-ìwé.

Àwọn kan á ní owó ọkọ̀ yóò wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, yóò wọ́n sí i díẹ̀. Ṣùgbọ́n òbí wo ló máa fi owó ẹ̀wù kan dúnàádúrà ẹ̀mí ọmọ rẹ̀?

Abèèrè kì í ṣìnà. Ìyá alágbọn yẹn wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí a máa bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kí a sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un.