Ẹ Má Fi Ọmọ Adití Sílẹ̀ Láìní Èdè

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ sínú etí ọmọ adití dára, pàápàá bí wọ́n bá tètè fi í sí i. Ṣùgbọ́n kì í gbé ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ dáadáa. Báwo ni ọmọ Yorùbá yóò ṣe mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́ àti ọkọ̀? Àní owó rẹ̀ ńkọ́? Bí ẹ ti ń wá owó, ẹ máa fi ọwọ́ bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ọpọlọ fi ń tètè gba èdè. Kì í dúró de owó oṣù. Andrew Foster, adití fúnra rẹ̀, dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960. LASUED tí ń kọ́ àwọn olùkọ́ wà ní Ìjànikin níbí: kí wọ́n kọ́ àwa òbí náà ní Sátidé.