Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ-iṣẹ́ Lo Ọgbọ́n Orí Rẹ̀

Kò ní pẹ́ tí púpọ̀ nínú wa yóò fi di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, tí àwọn olùkọ́ mìíràn yóò sì máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ wa. Bí ọ̀kan nínú wọn bá mú ọ̀nà titun wá láti fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, èsì wo ni a ó fún un? Ọ̀pọ̀ ọ̀gá a máa wí pé, “Bí a ti ń ṣe é kí o tó dé nìyí.” Láti ọjọ́ náà ni olúwarẹ̀ yóò ti pa ẹnu rẹ̀ mọ́, yóò sì máa ṣe èyí tí a bá rán an nìkan.

Àwọn kan yóò wí pé bí olúkúlùkù bá ń ṣe bí ó ti fẹ́, iṣẹ́ yóò dàrú. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ìlànà kì í ṣe ọ̀tá ọgbọ́n titun. Ẹ wo ilé iṣẹ́ ọnà tí Fadá Kevin Carroll àti Fadá Sean O'Mahony dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní ọdún 1947. Bándélé, ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà, ni ọ̀gá níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Làmídì Fákẹ́yẹ ti kọ́ṣẹ́. Ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ wọn ní: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fo ọ̀kan. Síbẹ̀, àwọn Fadá kò ní kí wọ́n ṣe àdàwòkọ ère Òyìnbó. Nínú ìlànà àtijọ́ yìí ni ère ìtàn ìbí Jésù ti jáde ní àwòrán Yorùbá, ohun tí àwọn baba wọn kò gbẹ́ rí. Làmídì, tí ó kú ní ọdún 2009, padà di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ó bá kàn wá, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ àbá tán kí a tó dáhùn. Kí a fún ẹni tí ó mú un wá ní kíláàsì kan láti dán an wò. Bí kò bá yọrí, kí a má ṣe fi í ṣẹ̀sín lójú ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá sì yọrí, kí a má ṣe gba ìyìn rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀gá tí ó bá rò pé òun nìkan ni ó gbọ́n, òun nìkan ni yóò ru ẹrù iṣẹ́ náà.