Adìyẹ ti là á yé wa, ẹ jẹ́ ká padà sídìí abọ́ ọmọ wa

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn wá, a fẹ́ sọ ọ́ síbí.

Ọmọ wa obìnrin kan ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní Sabon Gari níbí. Ìgbà tí awọ ẹnu àti ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di funfun, àwa Yorùbá fúnra wa la kọ́kọ́ sá. Àwọn kan ní ẹ̀tẹ̀ ni. Àwọn kan ní ayé ló ń bá a jà. Vitiligo ni dókítà pè é.

Ẹ gbọ́ ìtàn adìyẹ kan. Ní 1971, abo adìyẹ kan jáde nínú ẹyin ní yunifásítì Massachusetts l'Amẹ́ríkà. Ìyẹ́ rẹ̀ tó yẹ kó dúdú rúsúrúsú wá ń di funfun. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. Robert Smyth sin àwọn ọmọ rẹ̀ títí wọ́n fi di ìran kan. Ara wọn ni wọ́n ti rí i pé àwọn sójà inú ara, tó yẹ kó máa bá àìsàn jà, ló dojú ìjà kọ ohun tó ń fún ìyẹ́ láwọ̀. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà.

Lẹ́yìn náà, eku ni wọ́n fi mọ iṣẹ́ tí awọ ń rán láti pe àwọn sójà yẹn. Òye yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí ìpara ruxolitinib wúlò fún un. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní oṣù keje 2022, fún ẹni ọdún 12 sókè.

Ẹlòmíì á ní adìyẹ kì í ṣe èèyàn. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tún dán an wò lára èèyàn. Ẹlòmíì á ní ìwà ìkà ni sí ẹranko. Ó ń ṣe àwa náà láàánú. Àmọ́ wọ́n ti jìyà ná. Bí a bá tún ń sá fún ọmọ wa, a ti sọ ìyà yẹn dasán.

Kì í ranni, ì báà ṣe nínú oúnjẹ tàbí nínú bíbọwọ́. Ẹ má fún un ní ìpara abóra. Dókítà awọ ara ni kẹ́ ẹ mú un lọ bá, kó lè fi yàtọ̀ sí ẹ̀tẹ̀.

Àwa ti padà sídìí abọ́ rẹ̀ o. Ẹ wá bá wa níbẹ̀.