Ìka Tó Ṣẹ̀ Ni Ọba Ń Gé: Irọ́ Tó Gbilẹ̀ Nípa Wáràńtì Ọkọ̀

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń wakọ̀ ní Amẹ́ríkà, láti Houston dé Maryland, láti Chicago dé Atlanta, ọ̀rọ̀ kan wà tó ti di àkọ́sórí lẹ́nu wa: “Má fọwọ́ kan ọkọ̀ tuntun o! Tó o bá ti pààrọ̀ nǹkan kan lára ẹ̀, wáràńtì ti lọ nìyẹn.” À ń sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ fi rédíò tuntun sí i. À ń sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ lẹ tíńtì. Kódà à ń sọ ọ́ fún ẹni tí kò fẹ́ ju kó pààrọ̀ ọ́ìlì lọ́dọ̀ mẹkáníìkì àdúgbò.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òótọ́. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí òfin Amẹ́ríkà ti ta kò ó, síbẹ̀ àwa ṣì ń fi owó wa sin ín.

Ohun tí òfin sọ

Ní ọjọ́ 4, oṣù kìíní, ọdún 1975, Ààrẹ Gerald Ford buwọ́ lu òfin tí wọ́n ń pè ní Magnuson-Moss Warranty Act. Kí òfin yìí tó dé, ó rọrùn fún ilé-iṣẹ́ láti ṣèlérí ńlá lójú ìwé àkọ́kọ́, kó sì fi lẹ́tà wínníwínní gba ìlérí náà padà lẹ́yìn ìwé. Òfin yìí ní kí wọ́n kọ wáràńtì lédè tó yé oníbàárà, kí wọ́n sì sọ gbangba bóyá ó kún tàbí ó ní ààlà.

Ó tún lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní ilé-iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ sọ pé àfi kí oníbàárà lo ẹ̀yà tàbí iṣẹ́ tó ní orúkọ ilé-iṣẹ́ kan pàtó kí wáràńtì rẹ̀ tó lè dúró. Nǹkan méjì péré ló yọ sílẹ̀: bí ilé-iṣẹ́ náà bá ń fún oníbàárà ní ẹ̀yà tàbí iṣẹ́ ọ̀hún lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí bí FTC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó òwò, bá fún un láṣẹ pàtàkì.

FTC fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé bí èyí ṣe kan ọkọ̀. Pé ẹ fi ẹ̀yà tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ sínú ọkọ̀ kò tó ìdí láti fagi lé wáràńtì. Díílà tó bá fẹ́ kọ̀ láti tún ọkọ̀ yín ṣe gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹ̀yà náà ló fa ìbàjẹ́. Òun ni yóò mú ẹ̀rí wá, kì í ṣe ẹ̀yin.

Àwọn àgbà wa ti dá ẹjọ́ yìí tipẹ́: ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Irọ́ tí à ń gbà gbọ́ ní tirẹ̀ ń sọ pé bí ìka kan bá ṣẹ̀, kí ọba gé gbogbo apá.

Ẹ jẹ́ ká yẹ àwọn ìka náà wò

Ẹ pààrọ̀ rédíò, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta gíà bẹ̀rẹ̀ sí í já. Kí ló kan rédíò kan gíà? Wáràńtì gíà ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó fi rédíò náà sí i bá so wáyà mọ́ ibi tí kò yẹ, tí wáyà jó, tó sì ba báàtìrì jẹ́, ẹ̀yin lẹ máa san owó wáyà àti báàtìrì yẹn. Ẹ́ńjìnnì, gíà àti éésì kò bá a lọ.

Ẹ gbé ọkọ̀ sókè, ẹ sì fi táyà ńlá sí i. Táyà ńlá ń fa wàhálà fún béárìn àti ṣáàfù, nítorí náà bí ìwọ̀nyẹn bá bàjẹ́, díílà lè ní ẹjọ́ tó dúró. Bí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò lọ sókè mọ́ ńkọ́? Táyà kò mọ nǹkan kan nípa ìyẹn.

Ẹ yí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì padà kí ọkọ̀ lè yára sí i. Ibí yìí ni kí ẹ ti ṣọ́ra jù lọ. Bí díílà Volkswagen tàbí Audi bá rí i pé wọ́n ti fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà, ó lè fi àmì kan tí wọ́n ń pè ní TD1 sí orúkọ ọkọ̀ yẹn nínú ìwé ilé-iṣẹ́. Agbára tó pọ̀ ju èyí tí ilé-iṣẹ́ ṣètò lọ ń ni túbò, písítìn àti gíà lára, kò sì ṣòro láti fi hàn pé òun ló bà wọ́n jẹ́. Síbẹ̀, ilẹ̀kùn, àga àti éésì kò sí nínú ẹjọ́ náà.

Ẹ gé kátálíìsì, ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín mọ́, kí ọkọ̀ lè máa bú. Òfin àyíká Amẹ́ríkà ti ka èyí sí ẹ̀ṣẹ̀, wáràńtì kọ́ ni yóò kọ́kọ́ dà yín láàmú. Òfin kan náà ló ní kí ilé-iṣẹ́ dúró ti kátálíìsì àti kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì fún ọdún 8 tàbí máìlì 80,000. Ẹni tó gé e ti fọwọ́ ara rẹ̀ sọ ẹ̀tọ́ yẹn nù.

Ta ló ń jèrè irọ́ yìí?

Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé wáràńtì yóò lọ yóò máa lọ sọ́dọ̀ díílà fún ọ́ìlì, bíréèkì àti fíltà, iye tí wọ́n bá sì pè ni yóò san. Ìjọba mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 2015, FTC fẹ̀sùn kan BMW pé ẹ̀ka MINI rẹ̀ ń sọ fún oníbàárà pé àfi ẹ̀yà MINI àti díílà MINI, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wáràńtì lọ. Ẹjọ́ náà parí sí àdéhùn tó de BMW lọ́wọ́. Ní 2022, ó kan Harley-Davidson tó ń ṣe alùpùpù. FTC pàṣẹ fún un pé kó kọ ọ́ sínú ìwé wáràńtì rẹ̀ pé ẹ̀yà ilé-iṣẹ́ mìíràn àti mẹkáníìkì mìíràn kò lè pa wáràńtì.

Ibi tí òfin kò dé

Àwọn kan ti gbọ́ òfin yìí ní ààbọ̀, wọ́n wá ń fi fọ́nnu. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yà tí ẹ rà lọ́jà, ẹni tó ṣe é ni kí ẹ bi bó bá bàjẹ́. Ọkọ̀ tí ẹ fi sáré ìdíje, èyí tí wọ́n yí máìlì rẹ̀ padà, àti èyí tí ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò ti kà sí àdánù pátápátá, ìwé wáràńtì sábà máa ń yọ gbogbo wọn sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, ibi yòówù kí ẹ ti ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gbé ọkọ̀ ránṣẹ́ sí Èkó, ẹ kíyè sí i: ọ̀pọ̀ wáràńtì Amẹ́ríkà kì í bá ọkọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ohun tí ẹ máa ṣe

Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì, kí ọjọ́ àti iye máìlì wà lára rẹ̀. Ẹ ka ìwé wáràńtì fúnra yín. Bí díílà bá kọ̀, ẹ má jà, ẹ má bẹ̀bẹ̀: ẹ ní kó kọ ọ́ síwèé, ẹ̀yà wo ló fa ìbàjẹ́, báwo ló sì ṣe fà á. Bí ìdáhùn rẹ̀ kò bá múná dóko, ẹ lọ sọ́dọ̀ díílà mìíràn, ẹ pe ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀, ẹ fẹjọ́ sun FTC. Bó bá di ti kóòtù, òfin 1975 yẹn gba adájọ́ láàyè láti ní kí ilé-iṣẹ́ tó bá jẹ̀bi san owó lọ́yà yín.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún yín pé wáràńtì ti kú, ẹ bi í léèrè ohun tó pa á. Ẹni tí kò bá lè dárúkọ ohun tó pa á kò tíì ní ẹ̀rí pé ó kú.