Ẹ Má Fi Owó Ṣọ́ọ̀bù Wa Ra Ìràwọ̀

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tá a jọ wà ní Òkè Ọya níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bínú sí wa.

Ọ̀rọ̀ ìpàdé ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni. Àwọn ìgbìmọ̀ wa dìde, wọ́n ní Bàbá wa, olórí Yorùbá ìlú yìí, máa pé ogún ọdún lórí oyè ní oṣù Kejìlá, pé ẹ̀bùn tó yẹ wọ́n ni jíìpù Mercedes-Benz. Tòkúnbọ̀ ni o, kì í ṣe tuntun. Wọ́n bu ₦30,000 lé ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, wọ́n bu ₦15,000 lé ilé kọ̀ọ̀kan. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Àwa ọmọ ìyá mẹ́ta tá à ń ta aṣọ lọ́jà ò pàtẹ́wọ́. A dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn nítorí pé Bàbá wà níjòókòó, a ò sì fẹ́ dójú ti àgbà. Ṣùgbọ́n a ò lè dákẹ́ títí. A ò fara mọ́ ọn.

Ká tètè sọ ọ́ kó yé ara wa: a ò bínú sí Bàbá. Wọn ò tọrọ mọ́tò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Láti ogún ọdún yìí, àwọn ló ń lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lóru nítorí ọmọ wa, àwọn ló ń bá àwọn onílẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí ìlú bá gbóná. Ẹ̀bùn tọ́ sí wọn. Mọ́tò yìí ni kò tọ́.

A ò sì bínú sí Benz. Àwa fúnra wa ti ní méjì. Ohun tójú wa rí lára méjèèjì ló ń mú wa sọ̀rọ̀.

Ẹnì kan dìde nípàdé yẹn, ó ní, "Benz ni mọ́tò ọba. Ọba ni wọ́n ṣe é fún láti ìbẹ̀rẹ̀." Ẹ̀yin èèyàn wa, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Karl Benz tó kọ́kọ́ ṣe é ní Mannheim, nílẹ̀ Jámánì, kì í ṣe ọmọ ọba. Awakọ̀ ojú irin ni bàbá rẹ̀, ó sì kú nígbà tí Karl ṣì wà lọ́mọ ọdún méjì. Nígbà tí Karl bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀, òun àti ẹni tí wọ́n jọ dá a sílẹ̀ ò gbọ́ra wọn yé, iṣẹ́ fẹ́ dàrú. Bertha, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ló sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé kí wọ́n fún òun lówó tí wọ́n fẹ́ fi sin òun lọ sílé ọkọ, kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé. Owó yẹn ni wọ́n fi san ẹnì kejì náà kúrò. Ní January 29, 1886, Benz forúkọ mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tó agbára ẹṣin kan.

Àwọn èèyàn ò rà á. Wọn ò gbà pé ó lè rìn jìnnà. Ní August 1888, Bertha ò sọ fún ọkọ rẹ̀, ó kó ọmọkùnrin rẹ̀ méjì sínú mọ́tò, ó wà á láti Mannheim lọ sílé ìyá rẹ̀ ní Pforzheim, ó lé ní 100 kìlómítà. Kò sí ilé epo kankan láyé nígbà yẹn. Ọ̀dọ̀ apòògùn kan ní Wiesloch ló ti ra òróró tí wọ́n fi ń yọ àbàwọ́n lára aṣọ, òun ló rọ sínú ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí ojú ọ̀nà epo dí, ó fi pín-ín-nì fìlà rẹ̀ tú u. Nígbà tí bíréèkì onígi jẹ tán, aránbàtà ló bá a kan awọ mọ́ ọn. Tí wọ́n bá dé orí òkè, àwọn ọmọ á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á ti mọ́tò. Ìyá ọlọ́mọ, apòògùn, aránbàtà, ọmọ méjì tó ń ti mọ́tò. Ọba dà níbẹ̀?

Orúkọ "Mercedes" yẹn ńkọ́? Oníṣòwò bíi tiwa ló mú un wá. Emil Jellinek lorúkọ rẹ̀, ó ń ta mọ́tò Daimler fún àwọn olówó ní Nice, nílẹ̀ Faransé. Ní 1900 ó ní kí wọ́n ṣe irú tuntun 36 fún òun lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sì fi orúkọ Mercédès, ọmọbìnrin òun, pè é. Orúkọ ọmọ oníṣòwò là ń pè. Ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta yẹn, 1909 ni Daimler forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ilẹ̀, omi àti òfuurufú ló dúró fún, pé ẹ́ńjìnnì àwọn á ṣiṣẹ́ níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ilé-iṣẹ́ Daimler àti ti Benz wá dara pọ̀ ní 1926. Iṣẹ́ ni ìràwọ̀ yẹn ń sọ, kò sọ̀rọ̀ adé.

Ẹni tó bá sì ní Benz ló ń fúnni níyì, ẹ bi í pé kí ni Hitler ń gùn. Mercedes 770 ni. Lásìkò ogun yẹn, ilé-iṣẹ́ náà kó àwọn èèyàn tí wọ́n fi tipátipá mú ṣiṣẹ́. Ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, "Wabenzi" ni aráàlú ń pe àwọn aláṣẹ tó ń fi owó ìlú ra Benz, ìyẹn ìran oní-Benz. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe wọ́n, kì í ṣe oríkì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà síbí, ẹ rántí pé ìràwọ̀ yìí kan náà ló wà níwájú lọ́rì 911. Mẹsí ọlọ́yẹ́ tí gbogbo ayé ń sọ nígbà tá a wà lọ́mọdé, ti àwọn olówó nìyẹn. 911 ni tiwa. Òun ló kó ẹrù àwọn bàbá wa gòkè wá, òun ló ń kó àlùbọ́sà, ẹ̀wà àti iṣu sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìbàdàn àti Èkó. Emene lẹ́bàá Enugu níbí ni ANAMMCO ti bẹ̀rẹ̀ sí í to lọ́rì àti bọ́ọ̀sì Mercedes pọ̀ nígbà yẹn, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ká sọ tòótọ́, Benz tó kọ́lé fún ọ̀pọ̀ nínú wa nìyẹn. Kò sì ní ọyẹ́ kankan nínú.

Mọ́tò wa àkọ́kọ́, 230E ni, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní V-boot. Ọdún 1999 làwa mẹ́ta dáwó jọ rà á, nígbà tí ọjà ń tà. Ọdún mọ́kànlá la fi lò ó. Ó gbé báńdù aṣọ láti Kano, ó gbé ìyàwó, ó gbé aláboyún lóru. Tó bá kọṣẹ́, mẹkáníìkì wa á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á dẹtí sí i, á fi sípánà tún un ṣe. Mọ́tò iṣẹ́ ni. Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó pàápàá, takisí ni wọ́n ń fi irú rẹ̀ ṣe. Awakọ̀ takisí kan ní ilẹ̀ Gíríìsì, Gregorios Sachinidis, wa Mercedes 240 D ọdún 1976 rẹ̀ dé mílíọ̀nù 4.6 kìlómítà. Ní 2004 ilé-iṣẹ́ náà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e sí mùsíọ́mù wọn. Mọ́tò takisí o.

Ìgbà tówó dé díẹ̀ la ṣìwà hù. A ta V-boot, a ra E-Class tòkúnbọ̀ ọdún 2003. A ò nílò rẹ̀. Iléyá ló ń bọ̀, a fẹ́ kí wọ́n rí wa nílé. A yọ owó lára ọjà, a fi àjọ ọdún kan lé e.

Bíréèkì mọ́tò yẹn kì í ṣe èyí tá a mọ̀. SBC ni wọ́n ń pè é, kọ̀ǹpútà ló ń darí rẹ̀. Ó ń ka iye ìgbà tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́. Tó bá ti pé iye kan, àmì máa yọ, àfi kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀rọ náà. Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ pe mọ́tò bíi 680,000 padà ní 2004 nítorí bíréèkì yìí. Ẹni tó wà ní Jámánì gbé tirẹ̀ padà lọ bá wọn. Tòkúnbọ̀ tiwa ńkọ́? Ta ló máa pè é?

Bàbá tó bí wa kú ní 2013. Àdúrà ọjọ́ kẹjọ là ń lọ ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́. A ti kọjá Mokwa, a ò tíì dé Jebba, lójú ọ̀nà tí gbogbo yín mọ̀ yẹn, ni àmì pupa bá yọ. Bíréèkì le koko. Ẹ̀gbọ́n wa fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, díẹ̀ ló kù ká wọ abẹ́ táńkà. Mẹkáníìkì tá a rí níbẹ̀ wò ó títí, ó ní àfi ẹni tó ní kọ̀ǹpútà. Lọ́rì oníṣu kan ló ṣàánú wa gbé wa délé. 911 ni. Nígbà tá a dé, àwọn alùfáà ti lọ, wọ́n ti ń fọ ìkòkò. Àkọ́bí òkú ló dúró lágbàlá pẹ̀lú eruku iṣu lára yẹn. Títí dòní, tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ ọjọ́ kẹjọ bàbá wa, orí wa máa ń tẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ ló gba ṣọ́ọ̀bù wa kejì. Ọmọ kan nínú ilé wa fi ọdún kan jókòó nítorí owó ilé-ìwé. A ò sọ èyí nípàdé rí.

Jíìpù GL tí ìgbìmọ̀ ń wò yìí ńkọ́? Afẹ́fẹ́ ló gbé e dúró, nínú àpò rọ́bà, dípò sípíríǹgì. Bí rọ́bà yẹn bá jò, mọ́tò á rọra kúnlẹ̀ lóru, ẹ ó jí bá a bíi ràkúnmí tó wólẹ̀. Ta ló máa ra àpò tuntun? Ta ló máa san ríwáyà, ọ́ìlì, táyà, epo? Bàbá ò gba owó oṣù. Ọdún méjì kò ní pé tí mọ́tò yẹn á di ilé adìyẹ lágbàlá wọn, gbogbo àlejò á sì máa rí i. Ṣé ẹ̀bùn nìyẹn, àbí ìtìjú?

Wọ́n tún ní àwọn ẹ̀yà mìíràn ti ra jíìpù fún olórí wọn, pé wọ́n á máa fojú kéré Yorùbá. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ilé-ìwé àwọn ọmọ wa, òrùlé yàrá méjì ti ṣí láti ìjì oṣù Karùn-ún. Ṣé ẹni tó ń fojú kéré wa kò rí ìyẹn ni? Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin la háyà bọ́ọ̀sì gbé òkú ará wa lọ sílé. Lẹ́ẹ̀kan, òkú dúró ọjọ́ méjì nítorí owó bọ́ọ̀sì kò pé.

Ohun táwa ń sọ rèé. Ẹ jẹ́ ká kan òrùlé. Ẹ jẹ́ ká fi ìyókù ra bọ́ọ̀sì tó lè gbé aláìsàn, tó lè gbé òkú, tó lè máa ná owó tirẹ̀ lọ́jọ́ tí kò bá níṣẹ́. Hiace ló wù wá. Tó bá jẹ́ ìràwọ̀ yẹn lẹ fẹ́ dandan, Sprinter wà, Mercedes ni. Ẹ kọ orúkọ Bàbá gàdàgbà sí i lára. Lọ́jọ́ ayẹyẹ, àwa ọmọ ìyá mẹ́ta yìí máa wọ Bàbá ní ẹ̀tù àti àlàárì, odindi, láti ṣọ́ọ̀bù wa. Kọ́bọ̀ kan ò ní kan ẹgbẹ́.

Tí wọ́n bá gbé ìwé owó bọ́ọ̀sì wá, àwa la máa kọ́kọ́ san ₦30,000. Tó bá jẹ́ ti jíìpù, kí wọ́n má wulẹ̀ yà ní ṣọ́ọ̀bù wa.

Ìpàdé tún wà lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, aago mẹ́rin. Ẹ̀yin ìyá wa tó ń ta ata, ẹ wá o, owó yín náà ni. Ẹ má jẹ́ kí àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ nìkan wà níbẹ̀. Ire o.